Ríìmù Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Àdúgbò

Ẹ gbé àga yín wá sábẹ́ ibòji níbí, kí oòrùn má fi orí yín dáná. Fóònù ọwọ́ yín yẹn, ẹ dà á dojú bolẹ̀ fún mi díẹ̀. Kò ní sá lọ. Èmi tí mo dàgbà yìí ni mo ń palẹ̀ mọ́, fóònù ò lọ síbì kankan. Lánàá, ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo so irin ìpàǹtí mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì mi, tó sì rẹlẹ̀ débi pé ó ń gbá àlejò lórúnkún. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ ní òun máa bá mi tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mi ò bínú sí i. Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn.

Ríìmù típà ni irin yẹn. Kí géètì tó dé àdúgbò yìí, kí kámẹ́rà tó dé, òun la gbẹ́kẹ̀ lé tí ọkàn wa fi ń balẹ̀. Bí mo bá ti rí i láàárọ̀, inú mi a dùn, ojú a sì tún tì mí. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo kó wá sí Ìgándò láti Ọ̀yọ́, bíríkìlà ni mí, apá mi sì le. Ilé kan níhìn-ín, oko ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Ayọ̀bọ̀ á bọ́ bàtà sọ́wọ́, torí ẹrẹ̀ ọ̀nà yẹn ò mọ olówó yàtọ̀. Bí a bá ní ilé lágbájá ti parí, ohun tá a ní lọ́kàn ni pé ó ti kan páànù. Fẹ́ǹsì ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú á wà ní ṣíṣí látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kọ́tìnì ló ń bá wa dí i. Mo lè jókòó síwájú ilé mi kí n mọ ohun tí wọ́n ń dín ní ilé kẹta, kí n mọ ọmọ tí wọ́n ń nà níbẹ̀, kí n sì mọ ohun tó ṣe. Bí mo bá wúkọ́, ará òdìkejì á ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ẹ̀yin náà, ẹ wúkọ́ nísinsìnyí kẹ́ ẹ rí i. Àyàfi tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Etí ló ń ṣọ́ àdúgbò nígbà yẹn. A mọ ìró ọ̀kadà ẹnì kọ̀ọ̀kan. A mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Rìsí máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a mọ ohùn ládàánì, a mọ agogo àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń ṣe ìsìn lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìró yìí bá yàtọ̀, ẹnì kan á dìde lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Rìsí yìí, ọmọ Ìbàdàn ni, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, ṣùgbọ́n kò sí aboyún tó bí ní títì wa tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lẹ́yìn ìyá ọmọ.

Ní oríta ni Lásísì wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń lẹ táyà. Lásísì Afẹ́fẹ́ là ń pè é. Bó ṣe ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ náà ló ń fún ọ̀rọ̀ ní afẹ́fẹ́: bí o bá sọ fún un pé o rí ejò kékeré kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́, erè ló máa dà. Ọjọ́ kan ni típà kan tó gbé yanrìn wá fún wa kó sínú ẹrẹ̀, ríìmù rẹ̀ kan sán, wọ́n sì sọ ọ́ nù síbẹ̀. Lásísì gbé e, ó so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó fi irin tó fi ń tú táyà lù ú lẹ́ẹ̀kan. Gán-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìró yẹn lọ títí dé odò. Ó yíjú sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin.

Àwa lándíláàdì jókòó lé e lórí, a sì fún un ní èdè. Bó bá ń lù ú wàràwàrà láìsinmi, olè nìyẹn. Bó bá lù ú ní mẹ́ta-mẹ́ta, iná ń jó. Bó bá lu ẹyọ kan, tó dákẹ́ bí ìgbà téèyàn mí kanlẹ̀, tó tún lu ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Kì í sọ bóyá ọmọ sọnù tàbí a rí ọmọ he. Bákan náà ló ń dún. Ohun tó ń sọ ò ju pé: jáde, wá wò ó bóyá tìẹ ni.

Ìlànà wà fún ẹni tó bá rí ọmọ he. Kò gbọdọ̀ mú un wọ yàrá. Á pọ̀n ọ́n, á gba àárín títì, kì í gba ẹ̀gbẹ́, á gbé e dé ìdí ríìmù, á sì bèèrè pé, “Ta ló lọmọ?” Ẹni tó ni ín á dáhùn pé, “Gbogbo wa la lọmọ, èmi ni mo bí i.” Lẹ́yìn náà, ẹni tó rí i á mu omi nílé wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ọ̀nà ọmọ náà ló jẹ́, tàbí bàbá ọ̀nà, bó bá ti ọdún dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ á ti kọ́kọ́ kí ọdún. Lásísì jẹ́ bàbá ọ̀nà fún ọmọ tó pọ̀ débi pé lọ́jọ́ Iléyá, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń dà bí ilé kéwú.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ríìmù náà ní wàhálà tiẹ̀. Lásísì ń lu ríìmù mìíràn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iṣẹ́ oníbàárà ló ń ṣe, táyà ló ń tú. Bó ṣe ń lù ú, ó ṣèèṣì bọ́ sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ká tó ṣẹ́jú, Ìyá Rìsí ti sáré dé pẹ̀lú garawa, ó rí èéfín tó ń jáde lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kò bèèrè, gbogbo omi náà ló dà sórí oníbàárà tó wọ kóòtù. Omi ẹ̀wà tó rẹ ni, ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn fi ẹ̀wà létí lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dópẹ̀mú. Láti ọjọ́ náà la ti pàṣẹ fún Lásísì pé kó máa fi àpò sìmẹ́ǹtì bo ríìmù tó bá ń lù fún iṣẹ́.

Àwọn ènìyàn wá ń pọ̀ sí i. Oko ẹ̀gẹ́ di ilé, ilé di ilé alájà. Olè náà gbọ́, wọ́n sì ń wá. Àwọn kan nínú wọn a tiẹ̀ máa kọ lẹ́tà ṣáájú pé àwọn ń bọ̀, bí ẹni pé àna ẹni ni wọ́n. Ẹ̀rù bà wá lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni fẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀, èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo sì kọ́ èyí tó pọ̀ jù ní títì yìí. Mo kọ́ ọ ga, mo fọ́ ìgò sórí rẹ̀, mo fi géètì onírin kíki sí i. Bí mo bá parí ọ̀kan, màá lọ dúró sí òdìkejì, màá wò ó, orí mi á wú. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi ò lanu. Mi ò rò ó nígbà náà pé ẹni tó wà nínú ilé náà fẹ́ máa gba ẹnu ògiri sọ̀rọ̀.

Fóònù alágbèéká sì wọlé. Ẹ ò lè mọ bí ó ti rí. Ìyàwó mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń gun orí òkìtì yanrìn kí fóònù tó lè mú, á máa pariwo sí àbúrò rẹ̀ l’Ọ́yọ̀ọ́ bí ẹni pé ohùn ló ń rìn lọ. A máa ń fi fíláàṣì kí ara wa: lẹ́ẹ̀kan, mo ti délé, lẹ́ẹ̀mejì, gbé oúnjẹ kaná. Mi ò bá fóònù jà o. Fóònù ló gba ẹ̀mí ọmọ tí ìyàwó Lásísì bí kẹ́yìn là, torí òun la fi pe ọkọ̀ nígbà tí ìrọbí le. Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ ló dára pátápátá, ẹ bi í bóyá ó fi ẹsẹ̀ rin láti Ìgándò dé ọsibítù rí.

Túndé ló wá sọ wá di ọ̀làjú pátápátá. Òdìkejì mi ló kọ́lé sí, kọ̀ǹpútà ló ń tà l’Ẹ́gbẹ́dá, ọmọ dáadáa ni. Òun ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sí iwájú ilé rẹ̀. Òun náà ló dá gúrúùpù orí fóònù sílẹ̀ fún ààbò títì wa, tó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ohùn mi ránṣẹ́, torí èmi ni alága lándíláàdì. Sùúrù ọmọ yẹn pọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fi ohùn ìwúkọ́ nìkan ránṣẹ́ sí gbogbo ayé! Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ́ mi lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ tán, màá tún gbọ́ ohùn ara mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dùn létí mi ṣá.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ríìmù ń dí àwọn lọ́wọ́. Ìpàdé jókòó, mo pàṣẹ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Lásísì ò jiyàn, tó jẹ́ pé àríyànjiyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Ó kàn wò mí, ó ní, “Alága, fóònù yín ń jẹ iná. Ríìmù ò jẹun.” Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ṣe òṣùká fún ọpọ́n omi tó ń ri túúbù sí. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún mélòó kan, omi ń kán sí i lórí.

Dípò rẹ̀, mo ṣe òfin tuntun. Bí ọ̀rọ̀ “pàjáwìrì” bá ti wọ orí fóònù, kí gbogbo ilé ti géètì wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i fún ẹni tí kò mọ̀, títí èmi alága á fi ní ó tó. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Lákòókò náà, ọ̀rọ̀ ajọ́mọgbé gba ìgboro kan. Àwòrán oríṣiríṣi ń wá láti ibi tá ò mọ̀, obìnrin lágbájá rè é, ọmọ ló ń jí. Mi ò mọ ẹni tó yà á, mi ò mọ ìlú tí wọ́n ti yà á, gbogbo rẹ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ń ju ẹyin kiri bí ẹni ju òkò.

Iléyá ọdún náà dé. Láyé àtijọ́, lọ́jọ́ Iléyá, ọmọ ò nílé. Wọ́n á wọ ilé èyí, wọ́n á jẹ ẹ̀dọ̀ àgbò, wọ́n á wọ ilé tọ̀hún, wọ́n á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìyà ò jẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ló tiẹ̀ máa ń ṣíwájú wọn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé tá a bá ti fi fóònù sọ fún ṣáájú nìkan ni ọmọ lè lọ. Àṣàkẹ́ ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ bàtà pupa tuntun tó ń ké fíì-fíì bó bá ti ń rìn. Ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Mò ń gbọ́ fíì-fíì náà títí wọ́n fi yà sí títì kejì.

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá láìsí i. Wọ́n ní ó ní bàtà ń há òun, ó jókòó láti bọ́ ọ, wọ́n rò pé ó ti padà sílé.

Ká ní ayé ríìmù ni, màá ti wà lójú títì kí ọ̀rọ̀ náà tó parí lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n fóònù ni mo fà yọ. Mo kọ ọ́ pé: Pàjáwìrì, wọ́n ti gbé ọmọ-ọmọ mi. Mo fi àwòrán rẹ̀ tí Túndé yà láàárọ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n gbé e. Fóònù ti kọ́ mi pé ọmọ kì í sọnù mọ́, gbígbé ni wọ́n ń gbé e.

Ká tó jẹ awẹ́ obì tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ géètì lọ́tùn-ún lósì: gbàà, gbàà, gbàà, títí dé ìsàlẹ̀ títì. Ẹ wò ó, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo ní ètò wa ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin gun ọ̀kadà, ọ̀kan gba Ìkọ̀tún, ọ̀kan gba Ẹgbẹ́dá. Mo ti géètì tèmi náà, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwọn obìnrin ń sunkún. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Mo wọ yàrá inú, mo ti fèrèsé. Mo sọ̀rọ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo pa á rẹ́. Mo tún sọ òmíràn. Ó tó wákàtí kan tí mo fi wà níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oríta, Lásísì ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan sí i lọ́jọ́ yẹn.

Obìnrin kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, bí ìjọ wọn ti ń ṣe. Ó pọ̀n ọmọ, ó sì ń gba àárín títì. Ìyá Sẹ̀wánù lorúkọ rẹ̀, Ègùn ni láti ọ̀nà Àgbádárìgì, àkàsù ẹ̀kọ ló ń tà l’Áyọ̀bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní oríta wo fóònù, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan náà ni. Wọ́n yí i ká. Ó ní òun rí ọmọ náà níbi tó ti ń sunkún lẹ́bàá ọ̀nà Ayọ̀bọ̀, pé ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ ni ilé Bàbá Alága lẹ́bàá onítáyà. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò jọ ti ará ibí. Wọ́n já ọmọ gbà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń ké, ó ń nawọ́ sí i, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti fi nǹkan mú un. Ẹnì kan gbá a létí, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Gbogbo géètì ṣì wà ní títì.

Àwọn méjì wá sáré wá bá Lásísì, wọ́n ní kó fún àwọn ní táyà àlòkù kan. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Lásísì mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó dúró síwájú àwọn táyà rẹ̀, ó ní, “Táyà tí mo fi ń bọ́ ọmọ rèé. Mi ò ra ìkankan fún ọrùn ènìyàn.”

Ó yíjú padà, ó ti ọpọ́n omi ṣubú, omi ya bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ríìmù yẹn náró, ó sì mú irin.

Gán-ín.

Ó mí kanlẹ̀.

Gán-ín.

Àwọn ọmọ yẹn dúró wò ó. Wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà lẹ́yìn ògiri mọ̀ ọ́n. Ìyá Rìsí, tí orúnkún ò jẹ́ kó rìn mọ́, òun ló kọ́kọ́ ṣí géètì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó ń bèèrè pé, “Ọmọ ta ni? Ọmọ ta ni?” Géètì kejì ṣí. Ìkẹta ṣí. Àwọn àgbà ń jáde pẹ̀lú ọ̀rá àgbò lọ́wọ́. Èmi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ìró náà wọlé bá mi. Ó ṣì wà nínú fóònù mi dòní, màá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ohùn mi ń sọ pé ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ríìmù ń dún lẹ́yìn ohùn mi. Ẹsẹ̀ mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. N kò mọ bí mo ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́.

Àwọn àgbà ti ya wọ àárín wọn nígbà tí mo débẹ̀. Ìyá Rìsí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti obìnrin náà, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan òun. Àṣàkẹ́ rí mi, ó ké pè mí. Obìnrin náà gbójú sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà létí rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ta ló lọmọ?”

Mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá kò tiẹ̀ gbọ́ ọ níbì kankan rí. Mo ní, “Gbogbo wa la lọmọ. Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀.” Mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀, tagbádá-tagbádá. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ti fóònù bọ àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ń sunkún nínú wọn.

Ó ní kí n dìde, kí n fún òun lómi mu. Ó mu ún nílé mi, ìyàwó mi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ tó dùn mí ni pé láti ìsàlẹ̀ títì lòun ti ń kan géètì kọ̀ọ̀kan, òun ń gbọ́ pé ènìyàn wà nílé, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn. Òfin mi ni wọ́n ń pa mọ́. Lọ́jọ́ tá a lo ríìmù, ewu ló ń ṣílẹ̀kùn wa. Nígbà tá a bọ́ sórí fóònù, ewu ló ń tì í.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Ní ọjọ́ kẹta, Túndé kan ilẹ̀kùn mi, kò fi fóònù pè mí. Ó ní kí n wá wo nǹkan. Kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí géètì mi, Túndé sì ti ń wo ohun tó yà padà láti mọ ibi tí ọmọ náà gbà. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àṣàkẹ́ ni mo rí. Ó ti padà wálé. Òun nìkan ló dá wá, ó bọ́ bàtà pupa méjèèjì sọ́wọ́, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi gbọ́ fíì-fíì. Ó dé iwájú géètì tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé síbẹ̀, ó bá a ní títì. Ó gbójú wo bẹ́ẹ̀lì tí mo fi sí ọ̀gangan àyà ara mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá géètì, ó fi bàtà gbá a. Ó dúró. Ó jókòó díẹ̀, ó dìde, ó tún gbá a. Nígbà tó pẹ́, ó nu ojú, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó sì gba ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ lọ.

Aago wà ní igun àwòrán náà. Mo wò ó. Àkókò yẹn ni mo wà ní yàrá inú tí mò ń sọ fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ. Mo ti ní kí gbogbo ilé dákẹ́, kí ohùn mi lè dún dáadáa.

Túndé rọra ní, “Bàbá, ṣé kí n pa á rẹ́?” Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, Túndé sì jẹ́ kí n sun ún tán.

Láti ibẹ̀ ni mo gba ọ̀dọ̀ Lásísì lọ. Mo ní kó fún mi ní ríìmù. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó bá mi gbé e wá. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ga tó. Mo pe Àṣàkẹ́, mo fún un ní irin kékeré kan, mo ní kó na apá. Ibi tí irin náà kàn lára ògiri ni mo gbẹ́, ibẹ̀ ni mo fi ìkọ́ sí. Mo ti kọ́ ògiri láyé mi, ìyẹn nìkan ni mo lanu fún.

Lásísì ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ojú ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún. Bí Iléyá bá dé, Ayọ̀bọ̀ ni Àṣàkẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ, lọ́dọ̀ ìyá ọ̀nà rẹ̀, kó tó wá kí èmi.

Ẹ ní kí n gbé e sókè díẹ̀, pé àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ń fi ṣeré, wọn ò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ti kọjá, wọ́n á lù ú, wọ́n á sì sá lọ. Bí mo bá jáde, mi ò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ̀rín wọn ni màá máa gbọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dún, mo máa ń dìde, mo máa ń mú ọ̀pá mi, mo sì máa ń lọ ṣí géètì.